Owó Fàdákà Róòmù: Kí Ló Dé Tí Òmíràn Fi Pọ́n Bíi Bàbà?

Ìbéèrè: Owó ẹyọ Róòmù àtijọ́ méjì ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi ní fàdákà ni méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ń dán, èkejì sì pọ́n bíi bàbà. Ṣé wọ́n ti lù mí ní jìbìtì ni?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ wo orí ọba tó wà lára wọn. Bí èyí tó ń dán bá jẹ́ ti Augustus, ọba Róòmù àkọ́kọ́, tí èkejì sì jẹ́ ti Gallienus, ọba tó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ dáadáa, méjèèjì lè jẹ́ ojúlówó. Ìjọba Róòmù fúnra rẹ̀ ló lu jìbìtì, ó sì lé ní igba ọdún tó fi ń lù ú.

Denarius ni wọ́n ń pe irú owó ti Augustus yẹn. Nǹkan bí ọdún 211 ṣáájú ìbí Kristi, nígbà tí Róòmù ń bá Hannibal, ọ̀gágun ará Carthage, jagun, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́. (Òun náà ni Bíbélì Yorùbá pè ní "owó idẹ" nínú ìtàn àwọn alágbàṣe ọgbà àjàrà, bẹ́ẹ̀ fàdákà ni!) Láyé Augustus, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kìkì fàdákà. Ní ọdún 64 lẹ́yìn ìbí Kristi, ọba Nero dín ìwọ̀n rẹ̀ kù, ó sì po bàbà mọ́ ọn. Nígbà tó máa fi di ayé ọba Septimius Severus, fàdákà inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì lọ.

Ìbéèrè: Kí ló ń jẹ owó wọn tó bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Sójà ni. Òpìtàn Cassius Dio ní nígbà tí Severus ń kú lọ ní ọdún 211, ó sọ fún àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì pé kí wọ́n wà ní ìrẹ́pọ̀, kí wọ́n sọ sójà di olówó, kí wọ́n má sì ka ẹlòmíràn sí. Caracalla, èyí ẹ̀gbọ́n nínú àwọn ọmọ náà, pa àbúrò rẹ̀ kí ọdún náà tó parí, ṣùgbọ́n ti sójà yẹn, ó gbọ́ ọ dáadáa. Ní ọdún 215, ó rọ owó tuntun tí ọba inú rẹ̀ dé adé onítànṣán oòrùn. Denarius méjì ni wọ́n kà á sí, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n rẹ̀ kò ju ti ọ̀kan ààbọ̀ lọ. Irú rẹ̀ ni ti Gallienus tó wà lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ọba yìí fi kú ní ọdún 268, fàdákà inú owó náà kò tó márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún mọ́. Wọ́n kàn fi fàdákà fẹ́lẹ́ bo ojú rẹ̀ ni. Bí ọwọ́ bá ti ń pa á, bàbà á yọjú.

Ìbéèrè: Ṣé àwọn ará ìlú ò fura ni?

Ìdáhùn: Wọ́n fura kẹ̀! Èyí tó dára, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú ìkòkò; èyí tí kò dára, òun ni wọ́n ń ná.

Ìbéèrè: Ṣé kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ èyí tó pọ́n, kó lè dán?

Ìdáhùn: Rárá o! Ìwọ̀nba fàdákà tó kù lójú ẹ̀ fẹ́lẹ́ ju èèpo àlùbọ́sà lọ. Bí ẹ bá bó o, kò sí ẹni tó mọ owó àtijọ́ tó máa fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín ní iye tí ẹ rà á.