Degrassi (eré orí tẹlifíṣàn)

Degrassi jẹ́ ọ̀wọ́ eré orí tẹlifíṣàn láti ilẹ̀ Kánádà tó dá lórí ìgbésí ayé àwọn ọ̀dọ́langba. Linda Schuyler àti Kit Hood ló dá a sílẹ̀. Òpópónà De Grassi ní ìlú Toronto ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. The Kids of Degrassi Street ló ṣáájú ní 1979. Degrassi Junior High (1987–1989) àti Degrassi High (1989–1991) tẹ̀lé e, kí Degrassi: The Next Generation tó bẹ̀rẹ̀ ní 2001.

Ọjọ́ orí àwọn òṣèré

Ọmọdé ló ń ṣe ọmọdé nínú Degrassi, ó sì jọ pé èyí ni ìdí pàtàkì tí àwọn òǹwòran fi gbà á gbọ́. Nínú ọ̀pọ̀ eré ọ̀dọ́ láti Amẹ́ríkà, ẹni tó ti lé dáadáa ní ogún ọdún ni wọ́n ń fi ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 16. Schuyler, tó ti ṣe tíṣà rí ní Toronto, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí púpọ̀ nínú wọn kò ṣeré rí, ni òun àti Hood kó jọ. Wọ́n kọ́ wọn ní eré ṣíṣe, wọ́n sì ń gbọ́ tẹnu wọn bí ọ̀rọ̀ inú ìwé eré kò bá dún bí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ohùn àwọn ọmọkùnrin ń ki, irorẹ́ ń yọ lójú, ẹni tó kúrú ń ga. Àtíkè kò lè ṣe irú ẹ̀.

Spike àti Emma

Ní 1987, apá tí wọ́n pè ní “It's Late” gba ẹ̀bùn International Emmy. Nínú rẹ̀, Spike (Amanda Stepto), ọmọ ọdún 14, fura pé òun ti lóyún. Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀: oyún ń yọ sí i ní apá dé apá, àwọn òbí akẹ́kọ̀ọ́ yòókù sì ń kùn pé kó má ṣe wá sí ilé-ìwé mọ́. Ọmọ tó bí, Emma (Miriam McDonald), ni The Next Generation fi bẹ̀rẹ̀. Stepto fúnra rẹ̀ ló padà wá ṣe ìyá rẹ̀.

Àwọn ọ̀rọ̀ líle

Nínú “Time Stands Still” (2004), apá kan nínú The Next Generation, wọ́n da ọ̀dà àti ìyẹ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ń jẹ́ Rick lórí níwájú èrò níbi ìdíje kan. Ó gbé ìbọn wá sí ilé-ìwé, ó sì yìn ín fún Jimmy, akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn, lẹ́yìn. Aubrey Graham, tí gbogbo ayé wá mọ̀ sí Drake, ló ṣe Jimmy. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló ti ń ṣeré lẹ́yìn èyí. Apá kan nípa oyún ṣíṣẹ́, “Accidents Will Happen”, jáde ní Kánádà ní 2004, àmọ́ ìkànnì The N ní Amẹ́ríkà kò gbé e sáfẹ́fẹ́ títí di 2006.

Àwọn ọ̀wọ́ tó kẹ́yìn

The Next Generation parí ní 2015. Next Class tẹ̀lé e (2016–2017). Stefan Brogren, tó wọlé ní 1987 gẹ́gẹ́ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń pè ní Snake, ló ṣe ọ̀gá ilé-ìwé nínú rẹ̀.