Bí Ọmọ Kò Bá Tọ̀ Lẹ́yìn Tó Mu Oògùn Olómi

Ẹ̀yin òbí máa ń bi àwa apòògùn léèrè ohun tó wà nínú oògùn ikọ́ ọmọ yín. Ohun kan wà tí kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá: diethylene glycol.

Omi kẹ́míkà ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó ki díẹ̀, ó sì dùn lẹ́nu. Wọ́n fi ń fa omi kúrò lára gáàsì tí wọ́n ń wà nílẹ̀, ó máa ń wà nínú yíǹkì ìtẹ̀wé àti nínú ohun tí mẹkáníìkì ń dà sí bíréèkì ọkọ̀. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Inú oògùn ló ti ń pààyàn.

Propylene glycol ni iléeṣẹ́ oògùn fi ń yọ́ parasitamọ́ọ̀lù kó lè di olómi. Òun àti diethylene glycol jọra bí ìbejì, àmọ́ owó diethylene glycol kéré, ni oníṣòwò olójúkòkòrò bá lẹ orúkọ propylene glycol mọ́ dúrọ́ọ̀mù diethylene glycol. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà ní 2008 nìyẹn: oògùn eyín My Pikin pa ọmọ 84 nínú ìṣirò ìjọba. Jos ti rí irú rẹ̀ rí ní 1990, Gáḿbíà tún rí i ní 2022. Ní Amẹ́ríkà ní 1937, iléeṣẹ́ kan ló fọwọ́ ara rẹ̀ fi diethylene glycol yọ́ oògùn, ó sì pa èèyàn tó lé ní 100. Ó ń dùn mí gan-an, nítorí àyẹ̀wò dúrọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó lò ó ì bá ti tú àṣírí orúkọ èké náà.

Ẹ̀yin ò lè mọ̀ ọ́n nílé. Ẹ má tọ́ ọ wò, torí ọ̀pọ̀ oògùn ọmọdé ló ń dùn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC, àmọ́ ẹ rántí pé iléeṣẹ́ tó gbàwé àṣẹ ló ṣe My Pikin. Ọ̀dọ̀ apòògùn ni kí ẹ ti rà á, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri. Ní ti eyín híhù, kì í ṣe àìsàn. Aṣọ mímọ́ tí a fi omi tútù rin tó ọmọ jẹ.

Nínú ara, ẹ̀dọ̀ á sọ kẹ́míkà yìí di ásíìdì tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Ọmọ á kọ́kọ́ máa bì, inú á máa run ún, oorun á máa kùn ún. Lẹ́yìn náà ni ìtọ̀ á dín kù, á sì dá. Bí nápì bá gbẹ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ má dúró de ọjọ́ kejì. Ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀rọ tí ń fọ ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ, kí ẹ mú ìgò oògùn náà dání. Ẹ má dà á nù, ẹ má sì fún ọmọ mìíràn nínú rẹ̀. Ìgò yẹn ni dókítà máa fi mọ ohun tó mu.