Auxin: ohun tó ń mú ẹ̀ka tí a gé ta gbòǹgbò

Ẹni tó bá dàgbà nílé Yorùbá ti rí i rí: wọ́n á gé akòko, wọ́n á rì í mọ́lẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rúwé. Pèrègún àti ìyeyè náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Auxin ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí.

Èròjà tí igi ń pèsè fúnra rẹ̀ ni auxin. Ṣóńṣó ẹ̀ka àti ewé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ni igi ti ń ṣe é jù, láti ibẹ̀ ló sì ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìdí. Bí a bá gé ẹ̀ka, ọ̀nà dí mọ́ ọn nìyẹn. Á wá kóra jọ sójú ibi tí ọ̀bẹ gbà kọjá, á sì mú kí ara igi níbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ gbòǹgbò. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi í dorí ẹ̀ka kodò bí a bá ń gbìn ín.

Ní Kubwa níbí, l'Ábùjá, bí ẹ bá ní òdòdó hibiscus tí ẹ gbìn kò mú, aládùúgbò á ní, "Ẹ fi oyin ra ìdí ẹ̀." Oyin kì í ṣe auxin o, agbára rẹ̀ kò ju kó dín ìjẹrà kù. Omi àgbọn ńkọ́? Èmi kì í lò ó, èèrà ló ń pè. Ìyẹ̀fun táwọn ọlọ́gbà ń rà ló ní auxin gidi, èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, tí wọ́n ń pè ní IBA. Ti máńgòrò tún yàtọ̀, olóríkunkun ni, ẹ̀ka rẹ̀ kì í fẹ́ ta gbòǹgbò. Ẹ má fi oyin yín ṣòfò lórí rẹ̀.

Auxin tó wà lára hibiscus tó o. Ọyẹ́ Àbújá ló ń pa ẹ̀ka tí ẹ gbìn: kò tíì ní gbòǹgbò tí yóò fi mu omi, bẹ́ẹ̀ ni ewé ń gbẹ lójoojúmọ́. Ẹ gé e lábẹ́ oríkèé, ẹ fi ewé méjì péré sílẹ̀ lókè, kí ẹ sì gé àwọn náà sí ààbọ̀. Ẹ rì í sínú iyanrìn tútù tí kò ní ajílẹ̀. Ẹ wá gé ìdí ike omi kúrò, kí ẹ fi dé e lórí, lábẹ́ ibòji. Bí oòrùn bá kan ike yẹn, ẹ̀ka á sè nínú rẹ̀. Ìrì tó bá ń kán lára ike láàárọ̀ ni ẹ fi máa mọ̀ pé omi tó.

Ó lè gba ọ̀sẹ̀ 4 sí 8. Ewé tuntun kì í ṣe ẹ̀rí o, oúnjẹ tó ti wà lára ẹ̀ka tẹ́lẹ̀ ló lè fi yọ ọ́. Ẹ rọra fà á: bí iyanrìn bá dì í mú, ó ti ta gbòǹgbò.