Nọ́ńbà Tó Wà Lẹ́yìn Ìgò Epo Ẹja

Ìgò epo ẹja tó wọ́pọ̀ jù ní kẹ́mísìtì máa ń gbé 1000 mg gàdàgbà síwájú. Nọ́ńbà yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Ìwọ̀n gbogbo epo inú hóró kan ni, kì í ṣe ìwọ̀n ohun tí a torí rẹ̀ ra epo náà. Ohun tí a ń wá níbẹ̀ ni oríṣi ọ̀rá méjì tí wọ́n ń pè ní EPA àti DHA, tí àwọn méjèèjì jẹ́ ara omega-3. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye wọn, àfi kó yí ìgò padà, kó ka ìwé ẹ̀yìn rẹ̀, níbi tí lẹ́tà ti kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Nínú hóró 1000 mg tó wọ́pọ̀, EPA sábà máa ń jẹ́ 180 mg, DHA 120 mg. 300 mg péré ni àpapọ̀ wọn. Ọ̀rá ẹja mìíràn ni èyí tó kù.

Nítorí náà, ìgò méjì lè jọ kọ 1000 mg síwájú, kí hóró ọ̀kan sì lágbára ju ti èkejì lọ ní ìlọ́po méjì. Ó tún yẹ kí ojú ṣọ́ ohun kan: ìgò mìíràn wà tó jẹ́ pé hóró méjì ni nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ẹyọ kan.

Àjọ tó ń rí sí ààbò oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ pé EPA àti DHA tó jẹ́ 250 mg lójúmọ́ tó fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ìyẹn ò pọ̀ rárá. Ẹja tìtúsì tó wọn 100 g nìkan lè ní ju 1 g lọ. Ẹja ọlọ́ràá ni ṣáwá náà. Ẹni tó bá ń jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́ tó fẹ́ fi owó hóró ṣe. Nínú ìwádìí VITAL ní Amẹ́ríkà, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2018, àwọn tó lé ní 25,000 ló kópa. Àwọn kan ń gbé hóró omega-3 1 g mì lójúmọ́, àwọn yòókù ń gbé hóró tí kò ní oògùn nínú. Iye àwọn tí àìsàn ọkàn tó le tàbí rọpárọsẹ̀ mú kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láàárín ìhà méjèèjì.

Ti aláìsàn yàtọ̀. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, dókítà lè ní kó máa lo nǹkan bíi 1 g lójúmọ́. Ẹni tí ọ̀rá triglyceride pọ̀ gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè gba 4 g, ṣùgbọ́n oògùn tí dókítà kọ sínú ìwé nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ fi hóró 300 mg ṣe é fúnra rẹ̀ yóò máa gbé bíi mẹ́tàlá mì lójúmọ́, láìsí ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì ní ewu tirẹ̀: ní 2023, àjọ oògùn Yúróòpù kìlọ̀ pé oògùn omega-3 lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, àti pé ewu náà pọ̀ jù lọ́dọ̀ àwọn tó ń lo 4 g. Ẹni tó ń lo warfarin (oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì) tàbí ásípírìn, tàbí tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà rẹ̀ pé òun ń lo epo ẹja.

Ibi tó yẹ kí a ti ṣọ́ra jù ni epo ẹ̀dọ̀ ẹja, cod liver oil tí àwọn òbí ń fi ṣíbí bù fọ́mọ. Kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú epo ẹja. Inú ẹ̀dọ̀ ni ẹja ń kó fítámì A pamọ́ sí, inú ẹ̀dọ̀ ni ara ènìyàn náà ń kó o sí, kì í sì í bá ìtọ̀ jáde bíi fítámì C. Ṣíbí tíì kan lè ní nǹkan bíi 4,500 IU (IU ni òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn fítámì). Òdiwọ̀n tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lójúmọ́ ni 10,000 IU, ti ọmọdé sì kéré sí i gan-an. Ṣíbí méjì pẹ̀lú hóró fítámì mìíràn lè gbé ènìyàn kọjá ibẹ̀. Ní Nàìjíríà, òfin ti ní kí wọ́n máa fi fítámì A sí ìyẹ̀fun, ṣúgà àti òróró láti 2002, wọ́n sì ń kán an sẹ́nu àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Kí aláboyún má fọwọ́ kan epo ẹ̀dọ̀ ẹja rárá, nítorí àpọ̀jù fítámì A lè ba ọmọ inú jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má torí èyí bẹ̀rù epo pupa o: ara fúnra rẹ̀ ló ń sọ ohun tó wà nínú epo pupa di fítámì A, ní ìwọ̀n tó bá nílò.

Àárín oúnjẹ tó ní epo ni kí a gbé hóró mì, kí ara lè gbà á dáadáa, kí ènìyàn má sì máa gùfẹ̀ olóòórùn ẹja. Ooru, afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ba epo yìí jẹ́, nítorí náà èyí tí wọ́n ń tà nínú oòrùn tàbí nínú bọ́ọ̀sì kò yẹ ní rírà, kódà bó ní nọ́ńbà NAFDAC. Bí ìgò bá ti pẹ́ nílé, ẹ la hóró kan, kí ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ẹja díẹ̀ kò burú. Bó bá ń ta nímú bí epo tó ti kan, ẹ da gbogbo rẹ̀ nù.