Kò sí ìbọ òkùnkùn kankan nídìí eré Dungeons & Dragons

Ní ọdún 1978, ilé iṣẹ́ TSR, tó wà ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Lake Geneva ní ìpínlẹ̀ Wisconsin lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbé ìwé kan jáde fún àwọn tó ń ṣe eré orí tábìlì tí wọ́n ń pè ní Dungeons & Dragons. Ère gàgàrà kan tó jókòó, tí ojú rẹ̀ jẹ́ òkúta iyebíye, ni wọ́n yà sí èèpo iwájú ìwé náà. Ọ̀pọ̀ òbí tó rí àwòrán yìí kò ṣí ìwé náà wò rárá kí wọ́n tó gbà pé Sàtánì ni wọ́n ń bọ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ wo àwòrán náà yóò rí i pé kò sẹ́ni tó kúnlẹ̀ fún ère yẹn. Olè ló gùn ún lórí, wọ́n ń yọ ojú rẹ̀ kí wọ́n lè rí i tà.

Ìgbàgbọ́ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí ni èyí tó sọ pé eré yìí jẹ́ ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń gbà wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, pé ó ń kọ́ wọn ní ọfọ̀ àti oògùn, àti pé ó máa ń da orí ọmọ rú títí ọmọ náà yóò fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970, ṣùgbọ́n kò tíì kú. Òbí Yorùbá tó ń gbé ní London tàbí Houston, tí ọmọ rẹ̀ bá ti iléèwé dé tó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ eré náà, lè rí ẹni tí yóò sọ fún un pé kó tètè gbé ọmọ náà lọ fún àdúrà.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe gan-an nídìí eré náà. Èèyàn mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò jókòó yí tábìlì ká. Ọ̀kan nínú wọn ni yóò máa darí ìtàn, òun ni wọ́n ń pè ní Dungeon Master. Àwọn yòókù yóò mú ẹ̀dá ìtàn kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀kan jẹ́ jagunjagun, kí èkejì jẹ́ onídán, kí ẹ̀kẹta jẹ́ olè. Ìwé pélébé kan wà níwájú olúkúlùkù, tí wọ́n kọ agbára, ìyára, ìfaradà, òye, ọgbọ́n àti ìfanimọ́ra ẹ̀dá ìtàn rẹ̀ sí, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Pẹ́ńsù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń kọ ọ́, nítorí pé nọ́ńbà tó dúró fún ẹ̀mí ẹ̀dá ìtàn náà ń lọ sókè sódò ní gbogbo ìgbà, tí wọ́n á sì pa á rẹ́ títí ojú ibẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lu. Dáìsì tí wọ́n ń jù yàtọ̀ sí ti lúdò: olójú mẹ́rin wà níbẹ̀, olójú mẹ́fà wà, olójú mẹ́jọ, mẹ́wàá, méjìlá, títí dé olójú ogún.

Ẹ jẹ́ kí á sọ pé àwọn ẹ̀dá ìtàn mẹ́ta dé ẹnu afárá kan lóru, tí ẹ̀ṣọ́ kan sì dá wọn dúró. Adarí ìtàn yóò sọ bí òjò ṣe ń rọ̀ àti bí àtùpà ọwọ́ ẹ̀ṣọ́ náà ṣe ń fì, yóò wá béèrè pé, “Kí lẹ máa ṣe?” Ẹni tó mú olè ní òun máa purọ́ fún ẹ̀ṣọ́ náà pé ọmọ olóyè ìlú lòun, pé bàbá òun ń retí òun nílé. Adarí ìtàn wo irọ́ náà sùn-ùn, ó ní kò lè wọlé àfi tí àpapọ̀ iye rẹ̀ bá pé 15, torí pé ẹ̀ṣọ́ náà kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Olè yìí ní àlékún 3 nínú ìwé rẹ̀ fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, tí yóò rò mọ́ iye tí dáìsì bá mú wá. Nítorí náà, tó bá ju dáìsì olójú ogún, ó gbọ́dọ̀ bọ́ sí 12 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú mẹ́sàn-án nínú ogún ló lè gbà á, ìyẹn ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wọn na ọrùn bí dáìsì náà ṣe ń yí lọ. Ó bọ́ sí 4. Ẹ̀ṣọ́ náà gbé àtùpà sókè, ó ní, “Ọmọ olóyè wo? Èmi ni mo fẹ́ àbúrò olóyè, mi ò rí ọ nílé wa rí.” Ẹ̀rín sọ ní ìdí tábìlì, àwọn mẹ́ta náà sì ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá.

Ibẹ̀ gan-an ni adùn eré náà wà. Kò sẹ́ni tó mọ bí ìtàn yóò ṣe parí, títí kan ẹni tó ń darí rẹ̀, nítorí pé dáìsì lè bà á jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ nígbàkigbà. Kò sì sí pé ẹnì kan borí ẹnì kejì: gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń yọ, gbogbo wọn ni wọ́n sì jọ ń wọ gàù. Ẹni tó bá dàgbà sídìí àlọ́ àpagbè kò ní pẹ́ lóye rẹ̀. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé nínú àlọ́ tiwa, a ti mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí Ìjàpá tẹ́ nígbẹ̀yìn. Níbí, ọmọ tó ń gbọ́ àlọ́ ni Ìjàpá wà lọ́wọ́ rẹ̀, bóyá yóò tẹ́ tàbí kò ní tẹ́, ọwọ́ ọmọ náà ló kù sí.

Ibi tí eré náà ti ṣẹ̀ kò sì jọ ojúbọ rárá. Gary Gygax, tó ti ṣiṣẹ́ adójútòfò, tó sì tún ń ṣàtúnṣe bàtà nígbà kan, àti Dave Arneson, ọmọ ìpínlẹ̀ Minnesota, ni wọ́n ṣe é. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn eré ogun, níbi tí àgbàlagbà ti ń to ọmọ ogun kéékèèké sórí tábìlì, tí wọ́n ń fi rúlà wọn bí wọ́n ṣe lè rìn tó, tí wọ́n sì ń fi dáìsì pinnu ẹni tó kú. Ohun tuntun tí Arneson mú wá ni pé kí ẹnì kan má ṣe darí odidi ẹgbẹ́ ọmọ ogun mọ́, kó di ẹnì kan ṣoṣo mú, kí onítọ̀hún sì máa gbọ́n sí i, kó máa lágbára sí i láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Ní ọdún 1974, wọ́n tẹ ẹ̀dà 1,000 jáde, èyí tí wọ́n kó sínú páálí kéékèèké.

Ọ̀rọ̀ idán inú rẹ̀ ló ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn jù, mo sì gbà pé ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ lè bẹ̀rù. Ìwé eré náà sọ pé kí onídán tó lè ju ọfọ̀ tí wọ́n ń pè ní Fireball, ó gbọ́dọ̀ ní ìgbẹ́ àdán àti imí ọjọ́ lọ́wọ́. Létí Yorùbá, ó dún bí àkójọ oògùn gidi. Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń po ẹ̀tù ìbọn ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: nínú ìgbẹ́ àdán ni wọ́n ti máa ń rí irú iyọ̀ tí wọ́n ń fi ṣe ẹ̀tù, imí ọjọ́ náà sì wà lára ohun tí wọ́n ń pò mọ́ ọn. Òǹkọ̀wé kan ń fi ọgbọ́n sọ pé ẹ̀tù ni onídán náà ń yìn. Kò sí ọfọ̀ kankan tí ẹnikẹ́ni máa pè nídìí tábìlì. Ẹni náà kàn máa sọ pé òun ju Fireball ni, yóò kó dáìsì olójú mẹ́fà mẹ́jọ, yóò jù wọ́n, yóò sì ro wọ́n pọ̀. Òfin tí Gygax fi lélẹ̀, pé onídán máa ń gbàgbé ọfọ̀ gbàrà tó bá ti lò ó, inú ìtàn àròsọ Jack Vance, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ti yá a.

Báwo wá ni ìbẹ̀rù ṣe gbilẹ̀? Ní oṣù kẹjọ ọdún 1979, akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ ọdún 16 kan tó ní orí pípé sọnù ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Michigan. William Dear, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ aládàáni tí àwọn òbí rẹ̀ gbà, gbọ́ pé ọmọ náà máa ń ṣe Dungeons & Dragons, ó sì sọ fún àwọn oníròyìn pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé eré ló gbé e wọ inú ihò tí páìpù gbà lábẹ́ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ìròyìn náà tàn bí iná inú ọyẹ́. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan ni wọ́n rí ọmọ náà láàyè ní Louisiana. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ló ń bá a fà á, pẹ̀lú ẹrù ìrètí tí àwọn tó yí i ká gbé lé e lórí. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ó gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọdún 1984 ni Dear tó kọ ọ́ sínú ìwé pé eré kọ́ ló fa ìsọnù náà. Nígbà yẹn, irọ́ ti lọ fún ogún ọdún, òtítọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá bàtà tó máa wọ̀.

Kí òtítọ́ yẹn tó jáde, ìyá kan ní Virginia, Patricia Pulling, ti pàdánù ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ní ọdún 1982. Ó gbà pé èpè tí wọ́n ṣẹ́ fún ọmọ náà nínú eré náà ló pa á. Ó pe ọ̀gá iléèwé lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ kò gbà á, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láti gbógun ti eré náà. Mi ò ní fi ọ̀fọ̀ ìyá ọlọ́mọ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n àṣìṣe wà nínú ìṣirò tí òun àti àwọn tó tì í lẹ́yìn ń gbé kiri, títí dé orí tẹlifíṣọ̀n CBS ní ọdún 1985. Wọ́n ń to orúkọ àwọn ọ̀dọ́ tó kú tí wọ́n sì ń ṣe eré náà, wọn kò béèrè iye ọ̀dọ́ tó ń ṣe é lápapọ̀. Tí ọ̀kẹ́ àìmọye ọmọ bá ń gbá bọ́ọ̀lù, a óò rí lára wọn tó kú, a kò sì ní torí ẹ̀ sọ pé bọ́ọ̀lù ló pa wọ́n. Ohun tó yẹ kí á wá ni bóyá àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń kú ju àwọn tí kì í gbá a lọ. Michael Stackpole, tó jẹ́ òǹkọ̀wé eré, tú ìṣirò wọn palẹ̀ ní ọdún 1990.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín níbẹ̀ ni pé ariwo náà di ìpolówó ọjà. Àwọn tí kò gbọ́ orúkọ eré náà rí gbọ́ ọ nínú ìròyìn, títà ìwé náà sì ròkè lẹ́yìn ọdún 1979. Síbẹ̀, ẹ̀rù ba ilé iṣẹ́ náà: nígbà tí wọ́n tún òfin eré kọ ní ọdún 1989, wọ́n yọ orúkọ ẹ̀mí àìmọ́ kúrò, nígbà tó yá, wọ́n fi orúkọ àgbélẹ̀rọ bíi tanar'ri àti baatezu rọ́pò rẹ̀. Ọ̀tá tí wọ́n ń bá jà kò yí padà, orúkọ nìkan ni wọ́n pààrọ̀.

Gbajúmọ̀ rẹ̀ lóde òní ní ìdí mìíràn. Òfin tó jáde ní ọdún 2014 rọrùn ju ti àtijọ́ lọ, àti láti ọdún 2015 ni àwọn òṣèré kan ní Los Angeles, tí wọ́n ń pe ara wọn ní Critical Role, ti ń ṣe é lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ayé lè wò ó. Èèyàn tó bá ti wo eré náà fún wákàtí kan kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún un mọ́ pé kò sí àbẹ́là dúdú níbẹ̀. Ní ọdún 2024, tí eré náà pé àádọ́ta ọdún, ilé iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà gbé òǹtẹ̀ lẹ́tà jáde ní orúkọ rẹ̀.

Èyí kò ní kí òbí má bi ọmọ ní ìbéèrè. Àwọn ìtàn kan wà tí ẹ̀jẹ̀ inú wọn pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìwé àti dáìsì ń náni lówó, ìjókòó kan sì lè gba wákàtí mẹ́rin kó tó parí. Tó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe é, ó yẹ kí òbí mọ àwọn tó wà ní òdìkejì, pàápàá ẹni tó ń darí ìtàn àti ọjọ́ orí rẹ̀. Òfin ìpìlẹ̀ eré náà wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Òbí lè kà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó ṣeé ṣe kí ìṣirò inú rẹ̀ tètè sú u, kó sì ní kí ọmọ náà wá ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń pè ní àlékún fún òun.