Ìpè ni, kì í ṣe àmì: ọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́yìn ìtàgé

Ọ̀rọ̀ kan wà tí kò sí ẹni tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìtàgé rí tí kò mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ a ò tíì fún un lórúkọ tó bójú mu. Òun ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "cue", ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ẹni tó wà nídìí iná tàbí ohùn mọ̀ pé àsìkò ti tó láti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Àwọn olùkọ́ eré wa ń pè é ní kíù, àwọn kan ń pè é ní àmì, àwọn mìíràn sì wà, kí Ọlọ́run tọ́ wọn sọ́nà, tí wọ́n ń pè é ní ìtanilólobó. Èmi ní tèmi, ìpè ni mò ń pè é. Mo fẹ́ sọ ìdí rẹ̀, torí pé orúkọ tí a bá fi kọ́ ọmọ nídìí iná àti ohùn ni yóò fi ṣiṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ eré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú kíù kúrò lọ́nà. Létí ọmọ Yorùbá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, kíù ni lẹ́tà kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì wọn, kíù náà ni ìlà tí èèyàn ń tò sí, òun náà ló tún wá di ti ìtàgé. Àwọn tó ni ín gan-an kò bo ìdàrúdàpọ̀ yìí mọ́ra, lẹ́tà Q nìkan ni ọ̀pọ̀ wọn ń kọ sínú ìwé eré. Akẹ́kọ̀ọ́ á há kíù sórí, á máa fẹnu pè é kiri, kò sì ní rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀.

Ìtanilólobó ńkọ́? Ẹni tó ta ọ́ lólobó, àṣírí ló tú fún ọ, ó sì bá tiẹ̀ lọ, kí o wá mọ èyí tí o máa ṣe. Àṣírí wo ló wà nínú kí a tan iná? Ó ti wà nínú ìwé látọjọ́ tó ti pẹ́, ó ní nọ́ńbà, gbogbo ẹni tó kàn ló mọ̀ ọ́n. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn.

Àmì ló nira láti lé jáde, nítorí àwọn tó mọ̀wé ló ń gbè é lẹ́yìn. Ẹ̀sùn mi àkọ́kọ́ sí i kéré, àmọ́ ó ń bí mi nínú. Bí iná bá ní àmì iná, ohùn á ní àmì ohùn, kò sì sí ọmọ tó ti ka Yorùbá ní ilé ìwé tí kò mọ̀ pé dò-rè-mí ni àmì ohùn. Ẹ ní kí ó múra de àmì ohùn 11, kó wá orí fáwẹ̀lì wo ni?

Ẹ̀sùn kejì ló ṣe kókó. Ojú la fi ń wo àmì, ẹni tó bá rí i ló sì ń túmọ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Kò sí ẹni tó rán an sí ọ, kò sì dúró de èsì lọ́dọ̀ rẹ. Bí o bá wá fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ́ ọmọ tó jókòó nídìí ẹ̀rọ ohùn, ohun tí o kọ́ ọ ni pé kó máa ṣọ́ ìtàgé, kó sì tẹ bọ́tìnì nígbà tó bá dà bí ẹni pé ó tó. Mo ti wà níbi tí èyí ti bẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n ti sọ fún ọmọ náà pé fóònù gbọ́dọ̀ dún nígbà tí ìyá inú eré bá na ọwọ́ sí tábìlì. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyá rí i pé ife kan ti fẹ́ẹ̀ já bọ́ létí tábìlì, ó na ọwọ́ láti tì í sẹ́yìn. Fóònù dún. Ọkọ rẹ̀ ń sọ lọ́wọ́ nígbà náà pé kò sí ẹni tó ní nọ́ńbà ilé àwọn. Ó la ẹnu sílẹ̀, ó wo fóònù, fóònù ò dákẹ́, àwọn òǹwòran bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ náà sunkún lẹ́yìn eré, bẹ́ẹ̀ kò jẹ̀bi ohunkóhun. Wọ́n ní kó wo àmì, ó wò ó, ó sì rí i.

Kí wá ni ìpè? Ẹ wo àwọn méjì tó fẹ́ gbé ẹrù tó wúwo ru ẹnì kẹta. Ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀, á di etí ẹrù mú, á béèrè pé, "Ṣé o ti dì í mú?" Èkejì á ní, "Mo ti dì í mú." Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. "Ó yá!" Ẹrù á sì gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí èkejì kò bá dáhùn, ẹni tó béèrè kò jẹ́ gbé e, nítorí ó mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ kan ni yóò dìde, ohun tó wà nínú rẹ̀ á sì dà sílẹ̀. Bí èkejì bá sì sáré gbé e torí pé ó rí i tí èjìká ẹnì kejì rẹ̀ mì, bákan náà ni yóò dà.

Lẹ́yìn ìtàgé, ẹnì kan ṣoṣo ló ń di etí ẹrù àkọ́kọ́ mú. Iwájú rẹ̀ ni ìwé eré tí a ti kọ gbogbo ìpè sí wà, tí mò ń pè ní ìwé ìpè. Á sọ nínú hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì pé, "Ẹ múra, iná 24." Ọmọ tó wà nídìí iná á dáhùn pé, "Iná ti múra." Ìka rẹ̀ wà lórí bọ́tìnì, kò sì ní bá ẹnikẹ́ni tàkúrọ̀sọ mọ́. Nígbà tí òṣèré bá sọ̀rọ̀ dé ibi tí a fi pẹ́ńsù fàlà sí nínú ìwé, olùpè á ní, "Iná 24, gó." Bọ́tìnì wọlé. Ohun tí ọmọ náà rí lórí ìtàgé tàbí tí kò rí kò kan iṣẹ́ yìí. A pè é, ó jẹ́, ó ṣe é. Nínú èdè wa, pípè kò lè dá wà láìsí jíjẹ́. Bí a bá pe èèyàn tí kò jẹ́, a ó tún un pè ni. Àmì kò ní irú ìyẹn nínú. Ìdí tí mo fi rọ̀ mọ́ ìpè nìyẹn.

Àwọn onígírámà ti rán mi létí pé ìpè níṣẹ́ lọ́dọ̀ tiwọn, níbi tí wọ́n ti ń sọ bí ẹnu ṣe ń pe ìró: ibi ìpè, ọ̀nà ìpè, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbọ́. Àfàsé àti àjà ẹnu kì í tan iná, a ò lè ṣi ara wa gbọ́.

Àtakò tó lágbára ju ìyẹn lọ ni ti àwọn tó bi mí pé kí ló dé tí èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lé kíù jáde fi wá gba gó wọlé, nígbà tí "ó yá" wà nílẹ̀. "Ó yá" dára fún ẹrù. Lẹ́yìn ìtàgé, iṣẹ́ rẹ̀ ti pọ̀ jù lẹ́nu wa. Òun la fi ń jí ọmọ, òun la fi ń lé èèyàn lọ, òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ àdúrà, òun náà la fi ń gbà fún ẹni tó ń bá wa jiyàn kó lè dákẹ́. Kí olùpè kàn ṣèèṣì wí fún ẹnì kan nínú hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì pé, "Ó yá, mo ti gbọ́," ìtàgé ti ṣókùnkùn nìyẹn. Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì mọ ewu yìí nínú èdè tiwọn, nítorí "go" kì í wọ́n lẹ́nu wọn. Òfin wọn ni pé kò gbọdọ̀ jáde lórí hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì fún ohun mìíràn, débi pé bí àwọn kan nínú wọn bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣe ni wọ́n ń pe lẹ́tà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu tiwa, gó kò níṣẹ́ mìíràn. Ó kúrú, kò sì ṣe é fi pe ohun mìíràn. Àyálò tó wá ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ ilé kò lè ṣe, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ibi tí gó wà nínú gbólóhùn náà ṣe pàtàkì. Ìparí ló ń wà nígbà gbogbo. "Iná 24, ohùn 11, gó." Ẹ má ṣe sọ pé "Gó, iná 24", nítorí ìka ti tẹ bọ́tìnì kí nọ́ńbà tó dé. Nítorí kí nọ́ńbà iná àti ti ohùn má baà dàrú mọ́ra wọn, ọ̀pọ̀ ilé eré ń fi lẹ́tà pe ti ohùn, kó di "ohùn D". Bí a bá sì rí i lásìkò ìdánrawò pé a nílò ìpè kan láàárín 24 àti 25, 24.5 la ó pè é, a ò ní tún gbogbo ìyókù kà. Pẹ́ńsù la fi ń kọ ìwé ìpè. Ẹni tó bá fi báírò kọ ọ́ á kábàámọ̀ kí ìdánrawò iná àti ohùn tó parí.

Ibi tó ń mú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kọsẹ̀ ni àsìkò tí ìpè gbọ́dọ̀ jáde lẹ́nu. Wọ́n rò pé ìgbà tí ohun náà yẹ kó ṣẹlẹ̀ la ń pè é. Láàárín kí etí gbọ́ gó àti kí ìka tẹ̀, nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú-àáyá kan ti lọ. Ìyẹn nìkan ti tó láti mú kí ìró ìbọn gbẹ̀yìn ẹni tó ti ṣubú. Bí iná bá wá ní láti kú díẹ̀díẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 5, tí òkùnkùn sì gbọ́dọ̀ bá ọ̀rọ̀ ìkẹyìn òṣèré pàdé, ìpè ti ní láti jáde ní ìṣẹ́jú-àáyá 5 ṣáájú, nígbà tí ẹni tó ń ṣọ́ àmì ò tíì rí nǹkan kan. Nítorí náà, olùpè tó mọṣẹ́ a máa fi ìlà rẹ̀ sórí sílébù kan pàtó nínú ọ̀rọ̀ òṣèré. Sílébù ni mo sọ, kì í ṣe gbólóhùn.

Bí ẹ bá ṣì rò pé orí ara mi ni mo ti hun pípè àti jíjẹ́ yìí, ẹ wo iná ìpè tí wọ́n ń lò níbi tí kò sí hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì, pàápàá ní ilé eré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pupa ni ti ìmúra. Bó bá tàn, á máa ṣẹ́jú títí ẹni tó wà nídìí rẹ̀ á fi tẹ bọ́tìnì tirẹ̀ pé òun ti rí i, ìgbà náà ló tó dúró gbọin. Tó bá di àwọ̀ ewé, gó nìyẹn. Ẹ̀rọ lásán kò gbà kí ìpè lọ láìjẹ́! Tàbí kí ẹ wo pípe àkókò fún àwọn òṣèré nínú yàrá ìmúra. "Ìṣẹ́jú 10!" Wọn kì í dákẹ́, wọn kì í sì í sọ pé "Ẹ ṣé" lásán. "Ẹ ṣé, 10!" ni wọ́n ń dáhùn, kí ẹni tó pè lè mọ̀ pé nọ́ńbà náà wọlé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìpè tí wọ́n ń pè ní ààbọ̀ wákàtí máa ń jáde nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 35 kí eré bẹ̀rẹ̀, torí pé ìgbà tí àwọn tó máa kọ́kọ́ jáde gbọ́dọ̀ ti wà nípò, ìṣẹ́jú 5 ṣáájú eré, ni wọ́n ń kà á dé.

Ta ni olùpè? Alámòójútó ìtàgé ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì igbákejì rẹ̀ ló sábà ń ṣe é, ní Amẹ́ríkà òun fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn kò sì ní yí iná tó máa tàn padà. Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu ni àwọn tó ń pè é ní olùdarí ìtàgé. Olùdarí ti wà: òun ló ń sọ fún òṣèré bí yóò ṣe sọ̀rọ̀ àti ibi tí yóò dúró. Bí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ níwájú òǹwòran, iṣẹ́ tirẹ̀ ti tán. Kó lọ jókòó. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mú ìwé ìpè dání ló ni alẹ́ ọjọ́ náà, olùkọ́ tó darí eré kò sì gbọdọ̀ já hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì gbà létí rẹ̀ láti pàṣẹ fún ọmọ nídìí iná. Ohùn méjì lórí ìlà kan, ẹrù ti dà nìyẹn.

Mo tún rí àwọn tó ń pe àwọn tó ń gbé àga àti tábìlì wọlé ní aláàárù ìtàgé. Ó dùn mí. Ẹ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtàgé nígbà kan tí ìran bá ń yí padà, kí ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe. Aṣọ dúdú, bàtà tí kì í dún. Ọmọ méjì di àga gígùn kan mú nínú òkùnkùn, ojú wọn wà nílẹ̀ níbi tí téèpù kékeré mẹ́rin ti ń tàn fẹ́ẹ́rẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ àga gbọ́dọ̀ bọ́ sí gẹ́lẹ́. Bí àga bá fi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan kọjá téèpù, orí òṣèré yóò bọ́ sínú òkùnkùn nígbà tí iná bá dé, nítorí orí téèpù ni a ti to iná sí. Bí wọ́n bá sì jáde kí wọ́n tó gbọ́ ìpè tiwọn, iná ò tíì kú, òǹwòran á rí ìdí àga pẹ̀lú ẹsẹ̀ mẹ́rin tó ń rìn bọ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń fi okùn sọ ògiri eré kalẹ̀ láti òkè, ọ̀rọ̀ náà kọjá ẹ̀rín: ẹni tó bá fi ojú ara rẹ̀ pinnu pé ó tó àkókò lè wà lábẹ́ ògiri náà nígbà tó ń bọ̀ wálẹ̀.

Àwọn tó ń gbè àmì lẹ́yìn á ní àmì ojú ṣáà wà, pé ìgbà mìíràn wà tí olùpè ń sọ fún ọmọ pé, "Bí òṣèré bá tẹ swíìṣì àtùpà, tan iná náà fúnra rẹ." Ó wà, kò sì pọ̀. Olùpè ló yọ̀ǹda rẹ̀, a kọ ọ́ sínú ìwé ìpè bẹ́ẹ̀, ó sì ní ìmúra tirẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Ìpè kan ṣoṣo ló kù tí kì í ṣe ti olùpè nìkan: "Dúró!" Lásìkò ìdánrawò, ọmọ tó kéré jù tó ń ṣọ́ tábìlì ohun èlò lè ké e bó bá rí okùn tó ń já tàbí ẹni tó dúró síbi tí kò yẹ. Kò ní kọ́kọ́ tọrọ àyè. Olùpè á tún un pè lórí hẹ́ẹ̀dísẹ́ẹ̀tì kí ẹni tó wà lókè àti ẹni tó wà nídìí ohùn lè gbọ́, gbogbo ọwọ́ á kúrò lórí bọ́tìnì, òṣèré á dúró níbi tó wà. Tí wọ́n bá ti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, olùpè á sọ ìlà tí wọ́n máa padà sí, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ìmúra.