Ṣé Lóòótọ́ Ni Fíríìjì Tòkunbọ̀ Ń Dín Ìnáwó Kù?

Lọ́jọ́ Sátidé kan ní Kubwa l'Ábújá, Ìyá Ìbejì tí a jọ ń gbé inú ọgbà kan náà kan ilẹ̀kùn mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi wo nǹkan tí mo rà." Fíríìjì kan ló dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, funfun báláú. Wọ́n ti fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ̀ ọ́ títí tó fi ń dán. "₦150,000 péré ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Ìlú òyìnbó ló ti wá o, kì í ṣe Ṣáínà. ₦280,000 ni wọ́n ń pe tuntun tí ìwọ̀n rẹ̀ tó o." Inú rẹ̀ ń dùn, mi ò sì fẹ́ bà á jẹ́ lójú ẹsẹ̀. Sóbò àti omi tútù ló ń tà, fíríìjì yẹn sì ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ohun tó sọ yẹn, ẹnu gbogbo wa ló wà. Láti Nyanya dé Gwagwalada, bí Yorùbá méjì bá pàdé nídìí ọjà, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ra tòkunbọ̀, á bá ẹ kalẹ́. Tuntun tí wọ́n ń kó wọlé báyìí, ike lásán ni." Ọ̀dọ̀ àwọn òbí wa la ti gbọ́ ọ, àwọn ọjà kan sì wà tó jẹ́ òótọ́ lórí wọn. Màá dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ohun tó ń jẹ iná tọ̀sán tòru, irọ́ ni, àwọn tí kò lówó púpọ̀ lọ́wọ́ ni irọ́ náà sì ń pa lára jù.

Ẹ wo ibi tí ìgbàgbọ́ náà ti wá. Fíríìjì àtijọ́ tí ẹ rí lẹ́bàá ọ̀nà, èyí tó ṣẹ́ kù ni. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó bàjẹ́ lọ́dún kẹta, lọ́dún kẹfà, wọn ò dé inú ọkọ̀ òkun. Àkìtàn ni wọ́n gbà lọ. Èyí tó yè nìkan là ń rí, la bá ń sọ pé gbogbo ìran wọn ló lágbára. Ó dà bí ẹni tó bá arúgbó ọlọ́gọ́rùn-ún ọdún kan pàdé ní abúlé kan, tó wá ní wọn kì í kú níbẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, ibi tí fíríìjì náà ti lo ìgbà èwe rẹ̀, iná kì í ṣẹ́jú níbẹ̀. Ó wá dé ọ̀dọ̀ wa lọ́jọ́ ogbó, níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀, tó ń ga tó ń rẹlẹ̀. Kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù, ló ń jẹ ìyà náà. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà ló ti wá, wàhálà mìíràn tún wà: iná nǹkan bíi 120 fóòtù ni wọ́n ṣe é fún, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹ ó ra stepdown, ẹ̀rọ tó ń dín agbára iná kù, tì í, stepdown yẹn á sì máa gbóná, á máa kùn, á máa jẹ iná tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀. Fíríìjì àlòkù, ẹ́síì àlòkù àti kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ àlòkù wà lára ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kọ̀ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọlé. Ẹ̀ṣẹ̀ Ìyá Ìbejì kọ́ nìyẹn, nítorí gbangba ni wọ́n ti ń tà á. Ṣùgbọ́n tó bá kọṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ta ló máa bá sọ̀rọ̀? Kò sí ìwé kankan tí wọ́n fún un. Nọ́ńbà fóònù tí ẹni tó tà á fún un kò tiẹ̀ wọlé mọ́ ní ọjọ́ kẹta.

Mo sọ fún un pé, "Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká fi mítà ṣe ẹlẹ́rìí." Lálẹ́ Sunday, ní aago mẹ́wàá, ó pa gílóòbù, fáànù àti tẹlifíṣọ̀n, ó yọ ṣájà fóònù kúrò lára ògiri. Fíríìjì nìkan ló kù. Mo fi fóònù ya fọ́tò mítà. Ní aago mẹ́fà òwúrọ̀, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ilẹ̀kùn fíríìjì, mo tún yà á. Yúnìtì 0.9 ti lọ. Wákàtí mẹ́jọ nìyẹn. Ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀ fún ọjọ́ kan jẹ́ yúnìtì 2.7. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ nílé mi lálẹ́ ọjọ́ kejì. Tuntun ni tèmi, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi bákan náà. 0.3 ló jẹ, ìyẹn 0.9 lójúmọ́.

Yúnìtì 1.8 ló wà láàárín àwọn méjèèjì lójoojúmọ́. Band A, ìyẹn owó iná àwọn tó yẹ kí wọ́n máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́ ó kéré tán, là ń san ládùúgbò wa. Ẹ rántí oṣù kẹrin ọdún 2024, nígbà tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, gbé yúnìtì Band A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225. Wọ́n padà dín in díẹ̀, nígbà tó di oṣù keje ọdún náà, ó ti wà ní nǹkan bíi ₦209. Ẹ fi ₦209 pọ̀ 1.8: ₦376 lójúmọ́. Lọ́dún kan, ó lé ní ₦137,000. ₦130,000 sì ni Ìyá Ìbejì rò pé òun fi pamọ́ lọ́jọ́ tó ra tòkunbọ̀. Kí ọdún tó yí po, mítà á ti gba gbogbo rẹ̀ padà, á sì máa gbà lọ.

Ó jókòó lórí àpótí, ó ń fi ìka ṣírò. Nǹkan bíi ₦50 ló ń jẹ lérè lórí ìgò sóbò kan. "Ẹ̀gbọ́n, ìgò méje àkọ́kọ́ tí mo bá tà lóòjọ́, mítà ló ni í nìyẹn?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tiẹ̀ lé díẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́.

Kí ẹ tó sanwó ni ó dára kí ẹ mọ èyí. Ẹ mú ₦500 kan, ẹ fi há ẹnu ilẹ̀kùn fíríìjì, ẹ tì í. Tí owó náà bá yọ wọ́ọ́rọ́ láìjà, rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ti gan, òtútù ń jáde, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ kò sì ní sinmi. Ẹ yí i ká igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Lára ọ̀pọ̀ fíríìjì tuntun, ìwé pélébé kan wà tí wọ́n kọ iye kWh tó ń jẹ lọ́dún sí. kWh kan yẹn ni yúnìtì kan lórí mítà wa. Ẹ fi 365 pín in, ẹ fi owó yúnìtì ládùúgbò yín pọ̀ ọ́. Ìṣírò náà kò ní dọ́gba fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tí kò sí ní Band A, tí owó yúnìtì rẹ̀ kéré, lè rí i pé tòkunbọ̀ pé òun fún ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ kékeré lẹ fi ń gbé fíríìjì, yúnìtì kan láti inú bẹntiróòlù wọ́n ju ti Band A lọ dáadáa.

Ibi tí ọ̀rọ̀ àwọn òbí wa ti jẹ́ òótọ́ rèé: ohun tí kò jẹ iná, tí kò sì ní rọ́bà nínú. Ṣọ́bìrì onírin, ọkọ́, àdá, ìkòkò irin, tábìlì igi. Kò sí ohun tí àwọn yẹn ń gbà lọ́wọ́ yín lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ rà wọ́n. Ṣọ́bìrì àlòkù tí mo rà ní Dei-Dei ṣì wà lọ́wọ́ mi, mo sì ti fi èyí tuntun tó fẹ́lẹ́ bí ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tó ń ṣeré.

Ìṣírò kan náà ló ba ọgbà ẹ̀fọ́ mi jẹ́ lójú mi. Mo ti gbà pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé. Ebè tẹ̀tẹ̀ àti ewédú tó gùn ní mítà mẹ́wàá, tó fẹ̀ ní mítà kan, ń fẹ́ nǹkan bíi lítà 50 omi lóòjọ́ nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ìyẹn kẹ́ẹ̀gì lítà 25 méjì. 60 kẹ́ẹ̀gì nìyẹn lóṣù kan. Ẹ fi iye tí mai ruwa ń ta kẹ́ẹ̀gì kan fún yín pọ̀ ọ́, kí ẹ tó ra irúgbìn ní oṣù kejìlá. Èmi kì í gbin ọ̀gbẹlẹ̀ mọ́ àfi ata díẹ̀ tí mo ń da omi tí a fi ṣan ìrẹsì sí nídìí, tí mo fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ rẹ̀. Tí òjò bá ti dé, ẹ̀fọ́ á tún di ọ̀fẹ́.

Ìyá Ìbejì kò lè dá fíríìjì padà. Ó pe oníṣẹ́ fíríìjì, wọ́n pààrọ̀ rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn ní ₦9,000. A tún yẹ mítà wò lóru: 0.7. Yúnìtì 0.6 ti dín lójúmọ́, nǹkan bíi ₦125, owó rọ́bà á sì ti padà sọ́wọ́ rẹ̀ kó tó pé oṣù mẹ́ta. Ó ti wọ ẹgbẹ́ àjọ tí àwọn ìyá ládùúgbò ń dá, ó ní fíríìjì tuntun ni òun máa fi ti òun ṣe. Ìwé kékeré kan ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mítà rẹ̀ báyìí, wọ́n fi okùn so bírò mọ́ ọn, àwọn ìbejì ló sì ń kọ nọ́ńbà sí i láràárọ̀ kí wọ́n tó lọ síléèwé.